Oríta Páìpù Mẹ́rin

Ẹsẹ̀ méjì péré ló yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ni wọ́n. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí, ó na ọwọ́ sókè síbi tí ẹ́ńjìnnì ti la ẹnu mẹ́rin sílẹ̀, ó sì ń fi wáyà rírọ̀ kan wọn ọ̀nà tí èéfín yóò gbà kọjá.

“Ṣé ọ̀nà wà?” Bùọ̀dá bi í láti òkè.

“Ọ̀nà wà, Bùọ̀dá, àmọ́ ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìfun ewúrẹ́.”

“Ìfun ewúrẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Máa wọ̀n ọ́n lọ.”

Bùọ̀dá ni àbúrò Màmá tó bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Fíríìjì ló ń tún ṣe fún àwọn èèyàn láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbà lọ, sínú gáréèjì onípáànù tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ asáré kan láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Páànù pẹlẹbẹ ló fi òòlù lù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ̀ bí èjìká ẹṣin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti ara ọkọ̀ kan tí igi wó lù, àga méjì inú rẹ̀ wá láti ara òmíràn. Ọkọ̀ náà pupa, ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ sì gùn. Bí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì lójijì, yóò rò pé ohun ẹlẹ́mìí kan ló lúgọ síbẹ̀ tó fẹ́ fò jáde.

Àwọn aládùúgbò ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìjàpá ni wọ́n sọ ọ́, torí pé ọkọ̀ tí wọ́n ní yóò máa sáré bí ẹ̀fúùfù ti lo ọdún mẹ́rin lójú kan.

“Bí a bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè,” ni bàbá tó ń tún bàtà ṣe ní ojúlé kejì máa ń wí bí ó bá ń kọjá, “ọjọ́ wo la ó bu èèyàn jẹ?”

“Ẹ máa fi ẹsẹ̀ yín pamọ́, Bàbá,” ni Bùọ̀dá máa ń dá a lóhùn. “Ọjọ́ ìbunijẹ ń bọ̀.”

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, ohun gbogbo ti parí, ó ku páìpù èéfín. Kò sí èyí tí wọ́n ń tà tó bá a mu. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ti ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, àlàfo tó sì wà láàárín ìdí ọkọ̀ àti ilẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àtààbọ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi páìpù tí wọ́n rà sí i, yóò máa wọ́ nílẹ̀ bí ìrù aláǹgbá. Àfi kí wọ́n ṣe é fúnra wọn, láti ẹnu ẹ́ńjìnnì títí dé ìdí.

“Ìwọ lo máa ṣe é,” ni Bùọ̀dá wí nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, tòun ti eruku lórí.

“Èmi? Bùọ̀dá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mí o.”

“Ta ló ti ń kọ́ iṣẹ́ ìjórin lọ́dọ̀ Ìyá Oníná láti ọdún méjì? Ṣé èmi ni? Bí èmi bá di ọwọ́ ìjórin mú, ńṣe ni irin máa ń rí bíi pé ẹyẹ yàgbẹ́ sí i. Ìwọ lọwọ́ ẹ mọ́.”

Orí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ara rẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ àlàjẹ́ rẹ̀ fi borí èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́ rí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọkọ̀ yóò pàdé ní pápá ìṣeré ìlú, gbogbo ayé yóò wá wòran. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ó dáa, Bùọ̀dá,” ló wí. “Màá ṣe é.”

Ìyá Oníná, tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ga, ó dúdú, àpá ìpẹ́pẹ́ iná sì kún apá rẹ̀ méjèèjì bíi pé òjò iná ti rọ̀ sí i lára. Ìkángun àdúgbò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Etí ni ìyá náà fi ń wo irin. Yóò fi èékánná ta páìpù, yóò tẹ́tí díẹ̀, yóò ní, “Ó ti sán níbí.” Bí wọ́n bá fi fáìlì ha ibẹ̀, wọn yóò rí i pé ó ti sán lóòótọ́. Àní bí ọkọ̀ bá ń kọjá lójú títì, ìyá náà á dá iṣẹ́ dúró, á ní, “Ẹ gbọ́ tẹ́-tẹ́-tẹ́ yẹn? Páìpù ọkọ̀ yẹn ti lu.”

Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé àwòrán iṣẹ́ náà lọ bá a, ó wò ó pẹ́. Páìpù mẹ́rin ni yóò ti ẹnu mẹ́rin ẹ́ńjìnnì jáde, wọn yóò tẹ̀ síbí, tẹ̀ sọ́hùn-ún, wọn yóò sì pàdé lójú kan kí wọ́n tó di páìpù ńlá kan ṣoṣo. Ìka rẹ̀ dúró lórí ojú ìpàdé yẹn.

“Oríta nìyí,” ló wí. “Gbogbo ìyókù, eré ni. Ibí ni ìjà wà. Ṣé o rí i, ọmọ mi obìnrin fẹ́ bímọ, mò ń lọ dúró tì í. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ pápá ni mo máa dé. Máa gé, máa tẹ̀, máa jó páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ má jó oríta pa. Dúró dè mí.”

“Mo gbọ́, Mà.”

“Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Ṣé o gbà?”

“Mo gbà, Mà.”

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni Bùọ̀dá rà, ó ń dán bí omi. Páìpù tó tọ́ kò lè tẹ̀, nítorí náà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé kárọ́ọ̀tì, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan òrùka kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Bí a bá to irú òrùka bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí a sì jó wọn pọ̀, páìpù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ejò. Òrùka mẹ́tàdínláàádọ́ta ló gé. Ó fi fáìlì pa ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè gba àárín méjì kọjá.

Lẹ́yìn náà ló da ìbòjú bojú, ó sì tan iná. Nínú òkùnkùn ìbòjú náà, ayé di nǹkan kékeré kan ṣoṣo: adágún irin yíyọ́ tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, tó ń tàn bí ìràwọ̀, tó sì ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ síbi tó bá darí sí. Bí ó bá mí sódì, adágún náà á mì. Bí ó bá fara balẹ̀, adágún náà á máa rìn, á sì máa fi ìpẹ́ tín-ín-tìn-ìn sílẹ̀ lẹ́yìn bíi ti ẹja. Nígbà tó ṣí ìbòjú sókè tí irin sì tutù, àwọ̀ wúrà ti dé sí etí ibi tó jó, àwọ̀ àlùkò tẹ̀lé e, àwọ̀ aró sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó kùn ún. Iná nìkan ló fi bẹ́ẹ̀ dárà.

“Àǹtí mi, ẹ wá wo nǹkan!” Bùọ̀dá kígbe pe Màmá. Màmá, tó jẹ́ aránṣọ, jáde pẹ̀lú tépù lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ìsopọ̀ náà.

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,” ló wí, “èmi fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ogún ọdún. N kò rán ojú aṣọ kan tó rí báyìí rí.”

Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó ń jó. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sọ̀ kalẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń kọjá láàárín ara wọn láìfara kanra, orí wọn sì ti pàdé. Ó ku oríta. Ó ku ọjọ́ méjì kí Ìyá Oníná tó dé.

Ọjọ́rú náà ni Fótò wá. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Fótò. Kò sí ohun tí ọmọbìnrin náà kì í ya. Àwọn olùkọ́ ní bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè ìdánwò, fóònù ni yóò kọ́kọ́ nà sí i. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó rí páìpù aláwọ̀ wúrà àti aró, ó sì pariwo.

“Yéè! Ìwọ lo ṣe eléyìí? Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ọ̀la la máa gbọ́ ohùn ẹ̀ o. Wọ́n ti ń retí fídíò.”

“Ọ̀la kẹ̀? Mò ń dúró de ọ̀gá mi títí di ọjọ́ Ẹtì.”

“Ọjọ́ Ẹtì? Sátidé sì ni ọkọ̀ ń lọ sí pápá! Tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi, kí ló kù? Ìyẹn tó tó báyìí ṣá?” Ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo oríta náà. Ó kéré lóòótọ́. Ọwọ́ tó ti jó ìsopọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta, ṣé oríta kan ni yóò wá kọ̀ fún un? Ó da ìbòjú bojú.

Ó jó o yípo, ó dùn ún jó. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn páìpù kẹrin, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ara ẹ́ńjìnnì, ni ọwọ́ ìjórin kọ̀ láti wọlé. Ó yí apá, ó yí ọrùn, ó fi orí gbún irin. Kò wọlé. Àlàfo kan tí kò gùn ju orí ìka méjì lọ ló kù tí iná kò lè dé. Ìgbà náà ló yé e ìdí tí Ìyá Oníná fi ní kó dúró. Àfi kó gé páìpù kejì àti ìkẹrin kúrò pátápátá kó tó ráyè jó ibẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin yóò sì ṣègbé.

Ó jókòó sílẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

“Ta ló máa dùbúlẹ̀ wo ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn?” Fótò béèrè.

“Ìyá Oníná.”

“Ìyá tí ìbàdí ń dùn? Jẹ́ ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i.”

Gọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì iṣẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dí ojú ẹ́ńjìnnì, tó máa ń gan bí irin bí ó bá gbẹ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ìka tì í sínú àlàfo náà. Aṣọ funfun kan sì wà tí iná kì í jó, tí wọ́n máa ń wé mọ́ páìpù gbígbóná. Ó wé e mọ́ oríta yípo yípo, ó sì fi wáyà dì í. Ó mọ́ lójú bí ẹsẹ̀ tí nọ́ọ̀sì wé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ àbàwọ́n gọ́ọ̀mù náà kò tètè kúrò lábẹ́ èékánná.

“O ti parí oríta?” Bùọ̀dá bi í ní ọjọ́ kejì. “Mo rò pé Ìyá ní kó o dúró ni.”

“Ó ti parí, Bùọ̀dá,” ni gbogbo ohun tó fi dáhùn.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, Fótò gbé fóònù sókè, bàbá alátùn-únṣe bàtà náà sì rọra yọjú lókè ògiri. Bùọ̀dá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jí.

Kì í ṣe ariwo. Ohùn náà ti ìsàlẹ̀ wá bí ìgbà tí àrá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tí kò tíì fẹ́ sán. Ilẹ̀ gbà á, ó gba inú bàtà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gòkè, ó sì dúró sí igbá àyà rẹ̀. Páànù orí gáréèjì ń gbọ̀n. Bùọ̀dá tẹ iná díẹ̀, ohùn náà sì gbéra sókè, ó fẹ̀, ó mọ́, bíi pé ẹranko ńlá kan ń na ara lẹ́yìn oorun ọdún mẹ́rin. Bàbá orí ògiri bọ́ fìlà. Omijé ń dà lójú Bùọ̀dá, kò sì nù ún.

“Àǹtí mi,” ló wí, “ẹ̀yin lẹ gbà mí láyè nínú ilé yín. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jókòó. A kàn máa dé afárá, ká padà.”

Màmá wọlé sínú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n ti fèrèsé méjèèjì pa, ọkọ̀ pupa náà sì yọ sójú títì. Wọ́n yí i padà ní ìparí òpópónà, wọ́n tún gba iwájú ilé kọjá. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo, “Ìjàpá ń sáré o!”

Ìgbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kejì yìí ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ, lábẹ́ ohùn ńlá yẹn: tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́.

Ara rẹ̀ tutù. Irin ti gbóná, gọ́ọ̀mù sì ti jábọ́. Èéfín ti ń tú jáde lẹ́yìn páìpù kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, níbi tí Bùọ̀dá ti lu ihò fún wáyà tí kò sì tíì dí i. Wọ́n ti kọ́ wọn ní kíláàsì: nínú èéfín ọkọ̀, oró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Oorun ni yóò kọ́kọ́ fi kun èèyàn. Fèrèsé wọn sì wà ní títì.

Ó gbá fóònù mú, ó pe Bùọ̀dá. Fóònù Bùọ̀dá dún lórí tábìlì iṣẹ́.

“Fún mi ní kẹ̀kẹ́ ẹ!”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” Fótò béèrè, àmọ́ ó ti ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, nínú ẹrẹ̀, nínú òjò. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ bó, ó dìde. Nígbà tó yọ sí títì ńlá, ó rí i pé àwọn tó ń tún afárá ṣe ti dá ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ sì tò lọ rẹrẹẹrẹ. Láàárín wọn ni èyí tó pupa wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú kan. Ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru ti bo fèrèsé rẹ̀.

Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó já ilẹ̀kùn ṣí. Orí Màmá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, kò sì wo nǹkan kan.

“Orí… orí ń fọ́ mi,” Bùọ̀dá wí, ó ń wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí kò dá a mọ̀. “Kí lò ń wá níbí?”

“Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ẹ jáde! Èéfín ni!” Ó ki Màmá lábẹ́ abíyá, ó fà á. Ẹ̀rù bà á bí ìyá rẹ̀ ṣe wúwo, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń jábọ́. “Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!”

Awakọ̀ akẹ́rù kan bẹ́ sílẹ̀, ó bá a gbé e. Wọ́n tẹ́ Màmá sójú ìta, òjò ń pa á lójú, ó bì, ó tún bì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ìdí. Akẹ́rù náà ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

“Ọpẹ́ ni pé wọ́n tètè rí afẹ́fẹ́ mí,” dókítà sọ fún wọn lẹ́yìn wákàtí méjì. “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.”

Lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Bùọ̀dá ti ń sọ ọ́ pé òun lòun kò dí ihò wáyà, pé òun lòun jẹ̀bi. Ó lè dákẹ́. Ó mọ̀ pé òun lè dákẹ́.

“Èmi ni,” ló wí. “Ìyá Oníná ní kí n má jó oríta. Mo jó o. Ibì kan wà tí ọwọ́ mi kò tó, mo fi gọ́ọ̀mù dí i, mo fi aṣọ bò ó. Mo mọ̀ pé n kò jó o tán, mo sì jẹ́ kí ẹ wọlé.”

Bùọ̀dá kọjú sí ògiri. Màmá ṣí ohun tí wọ́n fi bò ó nímú kúrò.

“O sáré wá,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mo rí ìyẹn. Àmọ́ ohun tó o ṣe yìí dùn mí ju orí tó ń fọ́ mi lọ. Lọ sọ ọ́ fún ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Oníná gbọ́ ọ tán láìdá sí i. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń retí èébú, àbí kó ní kí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ máa lọ. Ìyá náà mí kanlẹ̀.

“Èéfín ni ìwà,” ló wí. “Kò sí aṣọ tí a fi lè wé e. Wọ bàtà ẹ, ká lọ.”

Ilé iṣẹ́ omi ìlú ni wọ́n lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí Ìyá Oníná, ó dìde, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀,” ó sì ṣí ìdérí irin kan nílẹ̀ fún wọn. Àkàbà ni wọ́n gbà wọ inú ihò náà, ìyá àgbà níwájú, tòun ti ìbàdí tó ń dùn ún. Nísàlẹ̀, ibẹ̀ tutù, ó sì ṣú díẹ̀. Páìpù kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tó ga tó àyà èèyàn.

“Na ọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀.”

Àlàfo tó wà lábẹ́ páìpù náà kò ju ohun tí ara tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dùbúlẹ̀ nínú ọ̀rinrin, ó fi ọwọ́ wá a títí ó fi kan ojú ìsopọ̀. Ìka rẹ̀ dúró. Ìpẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo wọn dọ́gba, láìsí ibi tó wú, láìsí ibi tó jìn. Ó tẹ̀lé e lọ, ó tẹ̀lé e bọ̀. Abẹ́ tí ojú kò lè dé dára ju òkè tí ojú ń rí lọ.

“Ta ló jó eléyìí, Mà?”

“Èmi. Ọjọ́ méjì ni mo fi ẹ̀yìn sùn nínú ẹrẹ̀ kí n tó jó abẹ́ yẹn tán. Ó di ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n lónìí yìí. Fi etí lé e.”

Ó fi etí lé irin tútù náà. Omi ń kọjá nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ó ń mí bí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sùn nínú yàrá kan. Ó rò ó: omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ibí ló gbà. Omi ilé ìwòsàn àná, ibí náà ni. Gbogbo ìlú ń mu, wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń wẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé obìnrin kan dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ fún wọn. Ojú ara rẹ̀ tì í, síbẹ̀ ohun kan tó tóbi ju ìtìjú lọ gbà á lọ́kàn.

“Ẹni mélòó ló ti wá wò ó, Mà?” ló béèrè.

“Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Ìwọ ni ìkejì.” Ìyá náà na ọwọ́ fà á dìde. “Ibi tí ojú kò ní dé, ibẹ̀ la ti ń kọ́kọ́ jó, ká tó wá jó ibi tí ojú ń rí. Ìdí tí mo fi ní kó o dúró nìyẹn. Ìkánjú lo fi ṣe é, n kò bínú sí ìyẹn. Èmi náà ti kánjú rí. Bíbò tó o bò ó ni mo bínú sí.”

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi gé oríta náà kúrò. Ẹ̀rọ ìgérin ń han, ìpẹ́pẹ́ iná ń ta, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sì ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́ níwájú Bùọ̀dá. Ní Sátidé, àwọn ọkọ̀ mìíràn kún pápá ìṣeré. Tiwọn wà lórí jáàkì. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń bi í pé, “Fídíò ńkọ́?” Ó sọ òótọ́ fún wọn, àwọn kan sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Fótò kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá sí gáréèjì lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Èmi ni mo ní kò sẹ́ni tó máa rí i.” Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na tọ́ọ̀ṣì sí i. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń tanná sí iṣẹ́, kò sì ya nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jó ẹ̀yìn kó tó jó iwájú, ó jó inú kó tó jó òde. Bùọ̀dá dí ihò wáyà, ó dí i títí omi kò fi lè gbà á. Nígbà tí ohun gbogbo parí, Ìyá Oníná fi igi dí ìdí páìpù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó sì da omi ọṣẹ lé gbogbo ojú ìsopọ̀. Ó ti etí bọ ẹ̀yìn páìpù kẹrin. Ọṣẹ náà dákẹ́ lójú irin, kò yọ ìfófòó kan.

“Hùn-ún,” ni ìyá náà wí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé oríyìn ńlá nìyẹn.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ohùn náà tún jí, ó tún gba ilẹ̀ gòkè, ó kún gáréèjì fọ́fọ́, ó mọ́ gaara, kò sí ohun kankan lábẹ́ rẹ̀. Bùọ̀dá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko lójú kan kó tó gbà pé kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ọn. Nígbà náà ni Màmá jáde wá láti inú ilé. Gbogbo wọn rò pé ìran ló wá wò. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì.

“Àǹtí mi, kì í ṣe dandan o,” Bùọ̀dá wí.

“Ta ló jó o?” Màmá béèrè.

“Èmi ni, Mà,” Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn.

“Ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ jó.”

Màmá fa ilẹ̀kùn pa. “Kí lẹ wá ń dúró dè?”

Bùọ̀dá wa ọkọ̀ pupa náà jáde sójú títì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí sí ohùn náà títí ó fi dé afárá tó sì parẹ́. Ó ti rí i pé iṣẹ́ tí ojú ń rí lè gba ìyìn lọ́dọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ojú kò lè rí ni ẹ̀mí èèyàn máa ń gbé lé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé yìí, nínú ìdánwò ni o, nínú iṣẹ́ ọwọ́ ni o, nínú ọ̀rẹ́ ṣíṣe ni o, bí ọ̀rẹ́ bá bi yín pé ta ló máa rí i, ẹ rántí pé ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù lè jẹ́ ẹni tó máa jókòó lórí rẹ̀. Ẹ jó ẹ̀yìn dáadáa. Bí ẹ bá sì ti bò ó, ẹ má dúró kí ó gbóná kí ẹ tó sọ̀rọ̀.